Orí Ẹja Kì í Ṣe Ti Àlejò

Nílé wa ní Ìkòròdú, ìyá mi kì í bu orí ẹja fún àlejò. Ọmọ Ejìnrìn ni wọ́n, etí ọ̀sà níbẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí kí bàbá mi tó fẹ́ wọn, wọ́n sì kó òfin ẹja wọn dání wá sílé ọkọ. Àárín ẹja ni ti àlejò, níbi tí ẹran ti pọ̀ tí eegun ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí. Orí jẹ́ ti ará ilé. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ orí ẹja gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kó fa ojú rẹ̀ mu, kó lá eegun rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì máa dún. Àlejò tójú ń tì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí eegun bá há àlejò lọ́fun, ta ni yóò lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀?

Nítorí náà, láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ipò tó wà nínú ilé kan, kó wo inú àwo rẹ̀. Mo rò pé àwa nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo dé ìlú òyìnbó tí mo ríṣẹ́ sílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan.

Iṣẹ́ àwo fífọ̀ ni. Ìlú kékeré ni ìlú náà, òjò ibẹ̀ kì í pariwo, kì í sì í dá. Màdáámù tó ni ilé oúnjẹ ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn níwájú. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Ọ̀gá, ló ń dáná. Ìyá Màdáámù, arúgbó tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, a máa jókòó sórí àga kékeré lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn a máa ṣa ewébẹ̀. Ìyá Àgbà ni mo ń pè wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo abẹ́ àga, wọ́n wá bi ọmọ wọn pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí Màdáámù ṣàlàyé fún wọn pé ìkíni ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ewébẹ̀ fi dà nù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbàgbé tí mo kàn tẹrí ba, wọn a fọwọ́ tọ́ka sílẹ̀ pé kí n ṣe é dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni ṣúgà. Ọ̀gá a gé adìẹ tí kò léegun wẹ́wẹ́, a pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, a dín in. Lẹ́yìn náà ni yóò da ọbẹ̀ pupa kan lé e lórí, ṣúgà àti fínígà àti tòmátò inú ìgò, yóò wá kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nínú ọbẹ̀ adìẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mo dúró pẹ̀sẹ̀, mo ń retí ibi tí ata máa gbà yọ. Kò yọ.

Ohun kejì ni ànàmọ́. Ànàmọ́ díndín ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń wá rà níbẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n da ọbẹ̀ kọ́rì sí i. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé: òyìnbó ń jẹ ànàmọ́, ará Ṣáínà ń dín in, ọmọ Ìkòròdú ń bó o, gbogbo wa sì gbà pé oúnjẹ Ṣáínà ni.

Bàbá kan wà tó máa ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, tí kì í bọ́ fìlà rẹ̀ kódà bó bá ń jẹun. Adìẹ pupa yẹn ni tirẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ dé ìdajì, a bi Màdáámù pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń sè é nílé yín gan-an nìyí?"

Màdáámù a rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà."

Ẹ̀yìn ni mo wà, níbi tí mo ti ń fọ ìkòkò, mo sì mọ ohun tó wà lórí iná nílé ìdáná. Bí àwọn oníbàárà ọ̀sán bá ti lọ tán, Ọ̀gá a ti ilẹ̀kùn iwájú, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ mìíràn. Odindi ẹja, pẹ̀lú orí, pẹ̀lú ojú, tí wọ́n fi ooru omi sè pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé. Ẹsẹ̀ adìẹ pẹ̀lú èékánná. Ata pupa díndín tí òórùn rẹ̀ ń mú èèyàn sín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yí tábìlì kékeré ẹ̀yìn ká, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa tu eegun sórí tábìlì, ẹnu wọn á máa dún gẹ́gẹ́ bí ẹnu àwọn ará ilé mi ṣe máa ń dún.

Èmi ńkọ́? Màdáámù a fi ìtẹríba gbé àwo kan síwájú mi lórí tábìlì ọ̀tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì. Adìẹ pupa. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé wọ́n ṣìkẹ́ mi. Mo wo inú àwo, mo sì mọ ipò mi.

Mo bá Màdáámù sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní èmi náà á fẹ́ jẹ nínú ẹja yẹn. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ó léegun," ló wí.

"Mo rí i."

"Orí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀."

"Orí yẹn gan-an ni mò ń wò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣàwàdà, ó fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan sí i fún mi. Mo wá bi í pé kí ló dé tó fi ń sọ fún bàbá onífìlà pé bí wọ́n ṣe ń sè é nílé wọn nìyẹn. Kò bínú. Ó ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ ṣí ilé oúnjẹ náà, ẹja olórí ni Ọ̀gá ń sè fún àwọn òyìnbó. Ó ní obìnrin kan wo ojú ẹja náà, ó ní ẹja ń wo òun, ó sì dìde lọ. Ó ní, "A fẹ́ kí wọ́n wọlé ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, o ò lè fi eegun pàdé rẹ̀."

Ìyá mi náà ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ìyá Ìlá, ayálégbé wa tó wá láti Ọ̀ṣun, kó wá sílé wa, ìyá mi ro ìkọ́kọrẹ́ fún un, ewùrà tí a rin tí a fi ẹja sè, oúnjẹ tí àwa ń torí rẹ̀ jà. Ìyá Ìlá wò ó títí, ó ní, "Àlájà, ṣé kò tíì jinná ni?" Ìyá mi ò bá a jà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gé ewùrà náà ní gígé, wọ́n sè é bí àsáró, wọ́n yọ ẹja kúrò, wọ́n fi ẹran sí i. Ìyá Ìlá jẹ ẹ́ tán, ó sì ń sọ kiri àdúgbò pé òun ti mọ oúnjẹ Ìjẹ̀bú jẹ. Ìyá mi gbọ́, wọ́n kàn mi orí.

Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí èèyàn máa bu oúnjẹ àlejò fún ẹlòmíràn, ó tún yàtọ̀ kí wọ́n máa bù ú fún òun alára lójoojúmọ́. Ìlú yẹn náà bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe sí mi. N ò lè sọ pé ẹnì kan hùwà burúkú sí mi. Wọ́n á ní káàárọ̀, wọ́n á ní ẹ ṣeun, wọ́n á sọ pé òjò pọ̀ lónìí, èmi náà á ní ó pọ̀ lóòótọ́, ó parí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá mi sọ ni wọ́n ti yọ eegun rẹ̀ kúrò. Ó ń ṣe mí bíi kí ẹnì kan bi mí pé ta ni bàbá mi, kí ló dé tí n kò tíì níyàwó, èló ni mo ra bàtà mi. Ohun tó ń bí mi nínú ní Benson, àdúgbò wa ní Ìkòròdú, nígbà tí mo wà nílé ni àárò rẹ̀ wá ń sọ mí.

Ìyá mi nìkan ló ń bi mí, lórí fóònù.

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Adìẹ ni, Mọ̀mí."

"Àná ńkọ́?"

"Adìẹ."

"Alihamudulilahi. Ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹ̀?"

"Kò sí, mà. Mo ti sọ fún wọn látọjọ́ tí mo dé."

"Ṣé ó ládùn?"

"Ó ládùn ju bó ṣe yẹ lọ, Mọ̀mí."

Mo gbọ́ tí wọ́n yí ẹnu kúrò lẹ́nu fóònù, tí wọ́n ń pè lójú fèrèsé: "Ìyá Ìlá! Adìẹ ló ń jẹ lójoojúmọ́ o!"

Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà wá dé. Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá se ẹja kan tó tóbi débi pé ìrù rẹ̀ yọ lẹ́nu àwo. Mo ti ń lọ síbi àpò ìrẹsì mi nígbà tí Ìyá Àgbà fi ọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màdáámù fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà fi èdè wọn dá a lẹ́kun. Màdáámù wá sọ fún mi pé, "Ó ní ẹni tó ń kí òun tàyà-tàyà láràárọ̀ ò lè máa dá jẹun lọ́jọ́ ọdún."

Mo jókòó. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ sí. A jẹ apá òkè ẹja náà tán, ó ku eegun ẹ̀yìn àti apá ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé, tí n kò fẹ́ kí àgbàlagbà máa ṣe wàhálà, mo na ọwọ́, mo yí ẹja náà padà fún wọn.

Ọ̀gá sọ igi tó fi ń jẹun kalẹ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan àyà wọn. Mo wo ẹja, mo wo ọwọ́ mi, n kò mọ èyí tó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Màdáámù ló ṣàlàyé. Létí òkun ni wọ́n ti wá, àwọn apẹja ni ìran wọn. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í yí ẹja padà nínú àwo, torí ẹni tó bá yí ẹja padà ti dojú ọkọ̀ ẹnì kan dé lórí omi. Bí apá òkè bá ti tán, eegun ni wọ́n ń yọ, wọ́n á wá jẹ ìsàlẹ̀ láti òkè. Ọmọkùnrin Ìyá Àgbà sì wà nílé lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ẹja pípa ló ń ṣe di bí mo ti ń wí yìí.

Ọkàn mi já. Kì í ṣe torí tiwọn nìkan. Wàsíù, àbúrò mi, ọkọ̀ ojú omi ló ń wà ní Ìpákodò, etí ọ̀sà Ìkòròdú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, nínú òróró, mo ní kí wọ́n forí jì mí. Mo sọ fún Màdáámù pé bàbá ìyá mi ní Ejìnrìn, bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dojú igbá délẹ̀ nílé títí wọ́n á fi dé, torí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà bi mí bóyá mo ní ẹnì kan lórí omi. Mo ní àbúrò mi.

Ni àwa méjèèjì bá mú fóònù. Tiwọn ló kọ́kọ́ gbé e: ilé ló wà, ó ń sùn, ó sì ń bínú pé wọ́n jí òun. Tèmi dún títí kó tó gbé e.

"Bọ̀dá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Níbo lo wà?"

"Jẹ́tì. Mo ń jẹ ẹ̀bà. Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Ọkọ̀ ẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí mo so ó mọ́. Bọ̀dá, ṣé òtútù yẹn ò tíì máa yí yín lórí báyìí?"

Mo sọ fún wọn pé orí ilẹ̀ ló wà, ó ń jẹun. Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Wọ́n wá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì já orí ẹja náà, wọ́n gbé e sínú àwo mi. Mo ju igi tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú un, mo fa ojú rẹ̀ mu, mo lá eegun rẹ̀. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, n kò jókòó ti àpò ìrẹsì mọ́.

Mo pe ìyá mi láti sọ fún wọn.

"Mọ̀mí, wọ́n fún mi ní orí ẹja."

"Orí ẹja? Ṣé wọn ò fún ẹ ládìẹ mọ́?"

"Mọ̀mí, ohun iyì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Iyì wo? Èèyàn á ti Ìkòròdú lọ sílùú òyìnbó lọ jẹ orí ẹja? Ṣé iṣẹ́ ò bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́? Sọ òótọ́ fún mi."

N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Nígbà tí mo tún pè, tí wọ́n bi mí ohun tí mo jẹ, mo ní adìẹ pupa ni, aládùn. Ara wọn balẹ̀. Adìẹ ni mo sì ń wí láti ìgbà náà títí mo fi wá wo ilé.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti ra àga tuntun sí pálọ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ní kí n jókòó. Ìyá Ìlá yọjú lójú fèrèsé.

"Àlájà, ẹ kú àlejò o."

"A dúpẹ́ o, Ìyá Ìlá," ni ìyá mi dáhùn, láìronú lé e.

Ó dùn mí. Mo rẹ́rìn-ín bò ó.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ, àti omi inú ike. Mo ṣí àwo. Adìẹ pupa ni. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà lórí rẹ̀.

Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń wo ẹnu mi. "Ọmọ kan tó ń se oúnjẹ ní Benson ni mo bẹ̀ kó kọ́ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yọ eegun. Jẹ ẹ́ wò. Ṣé ó jọ tiyín lọ́hùn-ún?"

Bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀, bàbá onífìlà ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo bu ẹyọ kan jẹ. Ṣúgà rẹ̀ ju ti Ọ̀gá lọ. N kò rí ata kankan nínú rẹ̀, nílé ìyá mi tí ata kì í wọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Mọ̀mí," ni mo wí.

Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni, wọ́n sì lọ sẹ́yìn láti lọ jẹun tiwọn. Láti orí àga tuntun yẹn, mo ń gbọ́ wọn níbi ìdáná, àwọn àti Wàsíù, tí ẹnu wọn ń dún. Mo ro ó pé mo ti lọ jìnnà débi pé ìyá mi ń yọ eegun fún mi. Àwọn tí kò bí mi ti fún mi lórí ẹja, ẹni tó bí mi wá ń bu oúnjẹ àlejò fún mi. Mi ò lè fara mọ́ ọn.

Mo gbé àwo mi, mo bọ́ sẹ́yìn. Ìkọ́kọrẹ́ wà nílẹ̀ nínú abọ́, odindi ẹja ọ̀bọ̀kún sì wà nínú àwo pẹrẹsẹ kan tí ata bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ti jẹ apá òkè rẹ̀ tán.

"Padà sí pálọ̀," ni ìyá mi wí. "Èéfín máa ba aṣọ ẹ jẹ́."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó. "Wàsíù, gba adìẹ."

Wàsíù ò bi mí léèmejì. Ó kó o sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó wo inú àwo. "Mọ̀mí, ṣúgà wà nínú ẹran yìí o." Ó tún mú òmíràn. "Àmọ́ ó ṣe é jẹ."

"Ata yìí máa ta ẹ," ni ìyá mi ń sọ fún mi. "Inú ẹ ti yàtọ̀. Eegun ẹ̀ sì le." Bí wọ́n ṣe ń wí bẹ́ẹ̀, wọ́n na ọwọ́ láti yí ẹja náà padà.

Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ dákun, Mọ̀mí, ẹ má yí i. Wàsíù ń padà sórí omi nírọ̀lẹ́."

Wọ́n wò mí. "Kí ni ẹja bá ọkọ̀ pa pọ̀?"

"Ohun tí igbá Bàbá Ejìnrìn bá a pa pọ̀ náà ni."

Wàsíù dẹ́kun jíjẹ. Ìyá mi yí ojú sí ibi tí igbá ìbomi wà lórí ìkòkò omi, tí ẹnì kan ti dojú rẹ̀ dé. Wọ́n dìde, wọ́n lọ yí ojú rẹ̀ sókè, wọ́n padà wá jókòó. Èmi yọ eegun ẹ̀yìn ẹja náà látòkè, bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ mi, ẹran ìsàlẹ̀ sì yọ. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n já orí ọ̀bọ̀kún náà, èyí tó jẹ́ pé tiwọn ni látọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n nà án sí mi.

"Gbà. Ọwọ́ méjèèjì."

Mo gbà á. Ata náà le, ó gun imú, imú mi ń dà, omi tún ń bọ́ lójú mi, ẹnu mi sì ń dún. Ìyá mi ti abọ́ ìkọ́kọrẹ́ sí iwájú mi láìwo ojú mi.

Ìyá Ìlá tún yọjú, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí. "Àlájà, mi ò rí àlejò yín ní pálọ̀. Mo fẹ́ bá a ṣeré ni."

Ìyá mi tu eegun kan sí ọwọ́ wọn. "Àlejò wo, Ìyá Ìlá?" ni wọ́n wí. "Àwa nìkan náà la wà ńlé."